Ẹ Dárí Ji Dírẹ́bà, Ẹ Má Fi Ẹ̀tọ́ Yín Sílẹ̀

Bí mọ́tò bá gbá ènìyàn ní Ìwó Road n'Ìbàdàn, ẹjọ́ náà kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó fara pa tó gbójú sókè, èrò ti yí mọ́tò ká, ẹnìkan ti yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n ti ní kí dírẹ́bà gbé e, ó di ilé ìwòsàn. Dírẹ́bà á máa gbọ̀n, á máa bẹ̀bẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọlúàbí, òun ni yóò san owó káàdì, owó oògùn àti owó fọ́tò ẹsẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, àwọn àgbà ilé rẹ̀ tàbí àwọn olóyè ẹgbẹ́ onímọ́tò á wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní, "Ẹ ṣàánú wa, kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Ẹbí ẹni tó fara pa á wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ dírẹ́bà, wọ́n á rántí pé mọ́tò ọlọ́mọ́tò ló ń wà, wọ́n á ní ká fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹni tó bá dárúkọ ẹjọ́ láàárín wọn, wọ́n á rán an létí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Mi ò bú àṣà yìí. Àánú ló bí i, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé àpò ẹnìkan ṣoṣo ni owó yóò ti jáde, tí kò sì sí nǹkan nínú àpò ọ̀hún, kí la fẹ́ fi ẹjọ́ gbà? Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa ti gbé e wọ bàálù, wọ́n ti gbé e dé Peckham, dé Woolwich, dé Manchester ní ilẹ̀ Britain, ó sì ń ṣe wọ́n ní jàǹbá níbẹ̀. Mọ́tò á gbá ìyá àgbà lójú ìsọdá, ìyá á ní kò burú, ara òun á yá. Bọ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ á fi oṣù mélòó kan jókòó sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán, gbèsè owó ilé á máa gun orí ara wọn, á ní òun ti dárí ji ọmọ òyìnbó náà. Ó dára ká dárí jini. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ní ilẹ̀ yẹn, ìdáríjì kò ní kí ẹ fi owó yín sílẹ̀, nítorí kì í ṣe àpò dírẹ́bà ni owó náà ti ń jáde.

Láti ọdún 1930 ni òfin ilẹ̀ Britain ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò lójú títì láìní ínṣọ́ránsì tí yóò sanwó fún ẹlòmíràn tó bá ṣe léṣe. Ẹ rò ó bí àjọ ńlá kan: gbogbo onímọ́tò ń dá a lọ́dọọdún, ẹni tí mọ́tò bá gbá ló ń kó o. Dírẹ́bà tó gbá yín ti san tirẹ̀ kó tó jáde nílé lọ́jọ́ náà. Láti 2003, òfin tún gbà pé kí ẹni tó fara pa pe iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì gan-an lẹ́jọ́ tààrà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kì í dé iwájú adájọ́ rárá. Lẹ́tà ni wọ́n máa ń kọ síra wọn títí wọ́n á fi fẹnu kò sí iye kan. Òwe kóòtù àti ọ̀rẹ́ kò bá ibẹ̀ mu. Ẹ kò bá dírẹ́bà jà. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ẹ lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àjèjì pátápátá ni èyí jẹ́ sí wa. Òfin irú rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti 1945. Òun ló bí ìwé tí gbogbo onímọ́tò ń rà, tí wọ́n ń pè ní third party, èyí tí owó rẹ̀ fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ti 5,000 náírà lọ sí 15,000 náírà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Nítorí ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ ṣe ń rà á. Ẹni tí mọ́tò bá ṣe léṣe ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣòfin náà, àmọ́ nígbà tí a bá pé jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan béèrè pé ìwé ọ̀hún dà. Ó yẹ ká máa béèrè, kódà n'Ìbàdàn.

Ohun kan máa ń dun àwọn ènìyàn wa ní Britain ju egbò lọ: dírẹ́bà kì í wá bẹ̀ wọ́n. Ọ̀sẹ̀ á gorí ọ̀sẹ̀, kò pè, kò wá wo aláìsàn, kò rán ẹnikẹ́ni wá. Lójú wa, ìwà ìkà gbáà ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣọ́ránsì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ gbẹ̀bi, ẹ̀rù sì ń bà á pé ẹ̀bẹ̀ lè di ẹ̀rí. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2006 sọ pé títọrọ àforíjì nìkan kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi, síbẹ̀ ìbẹ̀rù náà kò tíì kúrò lọ́kàn wọn. Ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ mọ inú rẹ̀. Ohun tó jẹ yín ní gbèsè lábẹ́ òfin ojú títì ti 1988 ni kí ẹ mú dání: ó gbọ́dọ̀ dúró, kó sọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, kó sọ ẹni tó ni mọ́tò, kó sì fún yín ní nọ́ńbà mọ́tò náà. Bí kò bá fi ìwé ínṣọ́ránsì rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ọlọ́pàá kí wákàtí 24 tó pé. Ẹ̀ṣẹ̀ ni tó bá sá lọ.

Àwa náà ní àṣà kan tó ń pa wá lára níbi ìjàǹbá. A máa ń yára sọ pé, "Mo dúpẹ́, kò sí nǹkan." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún dírẹ́bà, ẹ má sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, ẹ má sì sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta gìrì kì í mọ ìrora. Ilẹ̀ á ṣú kí eegun tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ohun tí dókítà bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Ẹ̀ka pàjáwìrì níbẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, irú ìwé ìrìnnà yòówù kó ní. Tó bá di pé wọ́n dá ènìyàn dúró sí wọ́ọ̀dù ni àlejò tí kò ní ẹ̀tọ́ ìgbé lè gba bíìlì. Ẹ ya fọ́tò mọ́tò àti nọ́ńbà rẹ̀, ẹ gba orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì tàbí ṣọ́ọ̀bù bá wà nítòsí tó ní kámẹ́rà, ẹ tètè kọ lẹ́tà béèrè fídíò rẹ̀, wọn kì í tọ́jú rẹ̀ pẹ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ta ló jẹ̀bi. Lọ́dọ̀ wa, mọ́tò ló ni títì. Bí hóòn bá dún, ẹlẹ́sẹ̀ ló ń sá. Ní Òjótà àti Òṣòdì, ìjọba Èkó kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n sì máa ń mú ẹni tó bá sáré gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ti irú ibẹ̀ wá ti gbà lọ́kàn pé bí mọ́tò bá gbá òun níbi tí kì í ṣe ojú ìsọdá, kí òun yáa dákẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yàtọ̀ sí ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní motorway, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti sọdá títì níbikíbi. Lójú ìsọdá abilà funfun tó ti wà láti 1951, bí ẹsẹ̀ yín bá ti bọ́ sórí rẹ̀, dandan ni kí mọ́tò dúró. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, wọ́n tún ìwé ìlànà ojú títì, Highway Code, ṣe: ó yẹ kí mọ́tò tó bá fẹ́ yà sí títì kan fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó ń sọdá títì náà, àti fún ẹni tó ṣì dúró létí rẹ̀ tó fẹ́ sọdá. Ìwé náà tún sọ pé ẹni tí ohun tó ń wà lè ṣe jàǹbá jù lẹrù wà lọ́rùn rẹ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo ìlànà inú rẹ̀ ni òfin tó lè sọni sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n lè kà á sétígbọ̀ọ́ adájọ́ láti fi dá dírẹ́bà lẹ́bi.

Bí ẹ bá tiẹ̀ ní ẹ̀bi tiyín ńkọ́? Ẹjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2004, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì iléèwé kékeré ní ìgbèríko Scotland. Ó gba ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì yọ sí títì láìwo ọ̀nà dáadáa. Mọ́tò kan ń bọ̀ ní òdìkejì, eré rẹ̀ tó nǹkan bí 50 máìlì ní wákàtí kan. Dírẹ́bà rí bọ́ọ̀sì tó dúró, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, kò dín eré kù. Ó gbá ọmọ náà, ọmọ náà sì fara pa gidigidi. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní dírẹ́bà jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdá 90 nínú 100 ẹ̀bi náà jẹ́ ti ọmọ. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó di 70. Wọ́n tún gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, níbẹ̀ ni adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ti sọ ní 2015 pé ìdajì-ìdajì ni. Bó bá jẹ́ pé 100,000 pọ́ùn ni àdánù ọmọ bẹ́ẹ̀, 10,000 ni ì bá gbà lọ́wọ́ adájọ́ àkọ́kọ́. 50,000 ló di níkẹyìn. Ohun tí àwọn adájọ́ náà wò ni pé mọ́tò lè ba ayé ènìyàn jẹ́, bẹ́ẹ̀ ènìyàn tó ń fẹsẹ̀ rìn kò lè ṣe mọ́tò ní nǹkan kan lọ títí. Òfin ilẹ̀ Britain kan tí wọ́n ṣe ní 1945 ló fún wọn lágbára láti pín ẹ̀bi báyìí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "èmi náà ò wo ọ̀nà" kò tíì pàdánù ẹjọ́ rẹ̀.

Apá tó wú mi lórí jù nínú òfin wọn ni ti ìtọ́jú nílé. Bí ẹsẹ̀ bá kán lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n obìnrin á pa ọjà rẹ̀ tì, á wá wẹ̀ fún aláìsàn, á ro àmàlà, á gbé e lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣírò rẹ̀, ìfẹ́ ni. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ń ṣírò rẹ̀. Wákàtí tí ẹ̀gbọ́n yín fi tọ́jú yín ní iye owó tí wọ́n ń san lé e, bí ẹ kò tilẹ̀ fún un ní kọ́bọ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà sọ ní 1994 pé owó yẹn kì í ṣe tiyín. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ bá tọ́jú rẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré, ẹ máa kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i. Ẹ kọ ọ́ mọ́ ìrora fúnra rẹ̀, owó iṣẹ́ tó bọ́, owó takisí lọ sí ilé ìwòsàn, àti awò ojú tó fọ́.

Ọdún mẹ́ta ni òfin fún yín láti gbé ẹjọ́ dé kóòtù, láti ọjọ́ ìjàǹbá. Ẹ má dúró dé ìparí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lọ́yà ló ń gbà pé bí àwọn kò bá borí, àwọn kò ní gba owó iṣẹ́. Bí wọ́n bá borí, owó àṣeyọrí tí wọ́n lè yọ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 25 nínú 100 owó ìrora àti owó tó ti sọnù sẹ́yìn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìtọ́jú ọjọ́ iwájú. Oníṣọ́ránsì lè pè yín ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ní òun fẹ́ san owó kan kíákíá. Ẹ má fọwọ́ sí i títí dókítà yóò fi sọ ibi tí eegun yín máa bá a dé, torí ìfọwọ́sí yẹn ti ilẹ̀kùn pa.

Dírẹ́bà tó sá lọ náà ò fi yín sílẹ̀ lófo. Àwọn oníṣọ́ránsì dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1946, Motor Insurers' Bureau, tó ń sanwó nígbà tí dírẹ́bà kò bá ní ínṣọ́ránsì tàbí tí a kò mọ̀ ọ́n. Ẹ tètè sọ fún ọlọ́pàá kí ọwọ́ yín lè mọ́. Ẹni tí físà rẹ̀ ti tán ní ẹ̀tọ́ sí owó ìpalára bí ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó iṣẹ́ tí wọn kò fún un láṣẹ láti ṣe lè bọ́. Ti ọmọdé, ọjọ́ tó bá pé ọdún 18 ni ọdún mẹ́ta rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, adájọ́ sì ni yóò fọwọ́ sí iye tí wọ́n bá fẹ́ san fún un.

Bí ikú bá wọ ọ̀rọ̀ náà, òfin 1976 ni wọ́n ń lò. Ẹ wo àwọn tó kà mọ́ ẹbí: ọkọ tàbí aya, ọmọ, ìyá àti bàbá, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, àní ọmọ àbúrò bàbá ẹni. Ohun tí kóòtù ń wò ni bóyá wọ́n gbójú lé olóògbé lóòótọ́. Kò pọn dandan kí wọ́n máa gbé ní Britain. Ìyá tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ọmọ rẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ sí lóṣooṣù wà níbẹ̀. Àbúrò tí olóògbé ń san owó iléèwé fún náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rí ni wọ́n á béèrè: ìwé báńkì, rìsíìtì ìfowóránṣẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ìyá fi dúpẹ́ pé owó ti dé. Láti ọjọ́ ikú ni wọ́n ń ka ọdún mẹ́ta wọn. Àwọn tó wà nílé ni kì í sábà mọ̀ pé òfin náà kàn wọ́n, ẹni tó wà lọ́hùn-ún ló yẹ kó pè wọ́n.