Ìbọn àjẹkù ogun kì í ṣe irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù o!

Bí wọ́n bá gbé ìbọn ológun àtijọ́ kan wá sí ìsọ̀ wẹ́ẹ́dà ní Ìyànà Ìbà tàbí Okokomaiko, tí wọ́n ní kó bá àwọn jó o pọ̀, iṣẹ́ kékeré ni yóò jọ lójú. Igi ìdí rẹ̀ ti sán, irin rẹ̀ ti dípẹtà. Ta ló tún fẹ́ fi èyí jà? Ṣùgbọ́n kí oníṣẹ́ ọwọ́ náà tó tanná, kó yáa rò ó dáadáa. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni Lee-Enfield ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn àgbà mọ ẹ̀yà rẹ̀ kan sí Máàkì Fọ́ọ̀. Kì í da ọta jáde wàràwàrà. Ọta 10 ló ń gbà. Bí wọ́n bá yin ọ̀kan, wọn á ká irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, wọn á fà á sẹ́yìn kí èèpo ọta fò jáde, wọn á tún tì í síwájú kí òmíràn wọlé.

Nígbà ogun Hítílà, bíi 90,000 ọmọ ogun láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló lọ jà ní Bọ́mà lábẹ́ Dífísọ̀n 81 àti 82, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Orúkọ náà ni Dífísọ̀n 81 ti Èkó ń jẹ́ títí dòní. Ẹni tó ń gba iwájú bárékè Ọ̀jọ́ kọjá lójoojúmọ́ lè má mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìtàn náà ti wá. Lẹ́yìn ogun, Máàkì Fọ́ọ̀ ṣì wà léjìká ọlọ́pàá wa fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ń fi owó gidi ra irú ìbọn yìí, wọn ò sì kọ̀ ọ́ nítorí pé ó ti gbó. Wọn á yẹ ihò rẹ̀ wò, wọn á wò ó bóyá nọ́ńbà ara irin tí wọ́n ń fà bá ti ara ìbọn mu. Bí kò bá mu, ó lè túká mọ́ ẹni tó yìn ín lójú. Òfin ilẹ̀ wọn ló fún wọn láyè, ní Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọ́n á kọ́kọ́ gbàwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Níbí ńkọ́? Òfin ìbọn ti 1959 ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Àtúnṣe rẹ̀ gan-an, ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ nìkan ni wọ́n ti lè ṣe é. Òfin 1984 wá fi ìyà sí i: owó ìtanràn ₦20,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. "Bàbá mi ló fi sílẹ̀" kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ìyá ọlọ́jà tí wọ́n bá ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ẹrù yìí sábẹ́ tábìlì," ẹ tú ẹrù náà wò kí ẹ tó gbà á.

Ọ̀ràn ẹ̀mí tún wà ńbẹ̀. Ọta lè ṣì wà nínú ìbọn tó ti dípẹtà, iná wẹ́ẹ́dà ò sì mọ èyí tó ti gbó. Èkó ò tíì gbàgbé January 27, 2002, nígbà tí àwọn àdó olóró àtijọ́ bú gbàù ní bárékè Ìkẹjà. Àwọn tó kú lé ní 1,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bómi lọ ní kánáálì Òkè-Afá níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí i nínú àjà bàbá yín tó ti dolóògbé, ẹ má fà á, ẹ má tà á fún oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ẹ má sì gbé e sínú ọkọ̀. Ẹ fi í síbi tó wà, kí ẹ lọ sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n wá gbé e fúnra wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ohun ìjà àtijọ́, mùsíọ̀mù ogun tí ìjọba ṣí ní Umuahia ní 1985 wà níbẹ̀. Ìwòran lásán ni tibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní torí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n.