Ayétòrò: Ìlú Tí Òkun Ń Lé

Àpáta àti igbó ni ojú àwa ará Àkúrẹ́ mọ̀. Bí àlejò bá béèrè ibi ìgbafẹ́ lọ́wọ́ wa, Òkè Ìdànrè ni a máa ń júwe fún un. Ọ̀pọ̀ wa kì í rántí pé ìpínlẹ̀ Òǹdó yìí kan náà ní etíkun, àti pé ìlú kan wà níbẹ̀ tí ó ti fi ìgbà kan rí dà bí orílẹ̀-èdè kékeré láàárín omi.

Mo gba ìlú Òǹdó kọjá, mo gba Òkìtìpupa, mo sì sọ̀kalẹ̀ ní Igbókòdá. Ibẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ayétòrò. Àwọn apẹja ń ju àwọ̀n lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọmọdé ń tukọ̀ fúnra wọn. Orí òpó ni àwọn ilé pákó dúró sí, afárá pákó sì ni òpópónà wọn.

Ní ọdún 1947 ni àwọn Kristẹni Ìlàjẹ kan, tí a ti ṣe inúnibíni sí, tẹ ìlú náà dó. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ ń jẹ èrè rẹ̀. Àpò kan náà ni owó gbogbo wọn ń wọ̀. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ. Ní àwọn ọdún 1950, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú wa ṣì ń lo àtùpà.

Mo bá ìyá àgbàlagbà kan níbi tí ó ti ń yan ẹja. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì yin ẹwà òkun fún un. Ó nawọ́ sí ojú omi, ó ní, “Ọmọ mi, ọ̀hún yẹn ni ilé ìdáná ìyá mi wà.” Mo wò títí, ìgbì nìkan ni mo rí.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí òkun ti ń gbé ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ wọn lọ. Láti ọdún 2004 ni a ti gbé iṣẹ́ odi ìdènà omi jáde fún wọn, ṣùgbọ́n n kò rí odi kankan.

Òkun ń lé Tuvalu, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì, bákan náà. Ní ọdún 2023, ó bá Ọsirélíà ṣe àdéhùn tí yóò jẹ́ kí 280 ènìyàn lè máa ṣí lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Tuvalu jẹ́ orílẹ̀-èdè, ó lè bá orílẹ̀-èdè mìíràn dá májẹ̀mú. Ayétòrò kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Àwa tí a jọ ń jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ kan náà nìkan ni ó ní.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ lọ wo Ayétòrò. Ẹ ra ẹja wọn, ẹ jókòó ti àwọn àgbà, ẹ gbọ́ ìtàn wọn. Bí ẹ bá sì padà dé, ẹ béèrè odi náà lọ́wọ́ àwọn tí ẹ dìbò fún. Ẹja tí mo rà lọ́wọ́ ìyá yẹn ti tán nínú ìkòkò wa l'Ákùúrẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí ó nawọ́ sí kò kúrò lójú mi.