Arọ́pò
(ọ̀rọ̀-orúkọ) Ẹni tàbí ohun tí ó gba ipò òmíràn.

Ìlò: Nínú gírámà, arọ́pò-orúkọ ni “mo”, “ó” àti “wọ́n”. Lọ́dọ̀ àwọn tí ń tún rédíò àtijọ́ ṣe, arọ́pò ni tíránsísítọ̀ tí a fi dípò èyí tí ó jóná. Bí “C1815” bá wà lára tíránsísítọ̀ ilẹ̀ Jàpáánì, 2SC1815 ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. A kì í sábà kọ “2S” sí i lára. 2SA àti 2SB jẹ́ PNP. 2SC àti 2SD jẹ́ NPN. BC547 lè rọ́pò rẹ̀ níbi tí iná kò ti pọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò tò bákan náà: àárín ni base BC547 wà, etí ni ti 2SC1815. Ẹni tí kò bá yẹ ẹsẹ̀ wò lè ba rédíò tí ó ń tún ṣe jẹ́.