Íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ ní ọ̀nà kan ṣoṣo

Ẹ fi fóònù kọ̀wé sí ọmọ yín ní Kútọnu. Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń mọ̀nà?

Ẹ jẹ́ á wò ó. Ẹ̀rọ á gé ọ̀rọ̀ yín sí wẹ́wẹ́, á kọ àdírẹ́sì sára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ mìíràn wà tí a ó pè ní atọ́nà. Atọ́nà á ka àdírẹ́sì, á wo ọ̀nà tó ṣí, á ti ẹyọ náà síwájú. Àwọn atọ́nà sì ń ta ara wọn lólobó, bí awakọ̀ tó pàdé awakọ̀: «Afárá ti já o, ẹ gba ẹ̀yìn!»

Ká ní ẹgbẹ́ kan ní Kétu fẹ́ máa ta íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn abúlé àyíká. Ṣé atọ́nà ńlá kan tó? Kò tó. Ọjọ́ tí àrá bá sán lù ú, gbogbo wọn dákẹ́ nìyẹn. Kí wọ́n ra kékeré méjì, kí wọ́n gbé wọn sí ilé méjì, kí kálukú ní bátìrì tirẹ̀. Owó ni, a mọ̀, ṣùgbọ́n kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ.

Ọ̀nà tó jáde sí ayé ló le jù. Okùn abẹ́ òkun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ. Dígí tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń sáré nínú dígí náà. Ní Kútọnu, okùn SAT-3 gúnlẹ̀, ACE náà gúnlẹ̀. Ẹni tó ra nínú méjèèjì á ní òun ti ní ọ̀nà méjì. Àmọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà nínú òkun Côte d'Ivoire: SAT-3, ACE, WACS àti MainOne. Íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wáí ní ilẹ̀ Benin. Okùn méjì, afárá kan náà! Equiano, tó gúnlẹ̀ ní Lomé ní 2022, kò já ní tiẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ náà tó fọwọ́ síwèé, kí wọ́n bi àwọn tó ń tà fún wọn: «Ibo ni okùn yín gbà kọjá?» Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ SAT-3, kí èkejì jẹ́ Equiano, ì báà gba Lomé wá tàbí Èkó. Kí wọ́n bèèrè ti orí ilẹ̀ pẹ̀lú. Bí okùn méjèèjì bá jọ wà nínú kòtò kan lẹ́bàá títì Kétu, katapílà kan péré lè gé wọn pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.